Orí Kẹfà: Àìsí Ara, Àìsí Ọkàn

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, yóò lè ṣàlàyé ohun tó ń mú kí a sọ pé ẹnìkan kò sí níbì kan. Yóò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín àìsí ara, àìsí ọkàn àti àìsí tí àwọn ẹlòmíràn fi tipátipá mú ni ṣe. Yóò sì lè yẹ ètò tí àwùjọ ń ṣe wò, èyí tí wọ́n fi ń dí àlàfo tí àìsí bá dá sílẹ̀. Ìlú Accra, olú-ìlú Ghana, ni ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ti wá.

6.1 Ẹjọ́ kan ní Accra

Ní ọdún 2002, John Agyekum Kufuor tó jẹ́ ààrẹ Ghana rìnrìn-àjò lọ sókè òkun. Aliu Mahama, igbákejì rẹ̀, náà kò sí nílé. Wọ́n pe Peter Ala Adjetey, Agbẹnusọ Ilé Aṣòfin, wọ́n sì búra fún un pé kí ó máa ṣe iṣẹ́ ààrẹ títí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò fi dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Kwaku Asare gbà pé ohun tí wọ́n ṣe kò bá òfin mu, ó sì pe ẹjọ́ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ.

Gbólóhùn méjì nínú Abala 60 ìwé òfin Ghana ti ọdún 1992 ló bí àríyànjiyàn náà. Ẹsẹ kẹjọ sọ pé igbákejì ni yóò máa ṣe iṣẹ́ nígbà tí ààrẹ kò bá sí ní Ghana, tàbí tí ìdí mìíràn kò bá jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́. Ẹsẹ kọkànlá, èyí tó kan Agbẹnusọ, kò mẹ́nu ba ìrìn-àjò rárá. Ohun tó sọ ni pé bí ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ kò bá lè ṣe iṣẹ́ náà, kí Agbẹnusọ gbà á ṣe. Ṣé ẹni tí kò sí nílé ni ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́? Ààrẹ tó wà lókè òkun ní tẹlifóònù lọ́wọ́. Ara rẹ̀ le, ọpọlọ rẹ̀ sì pé.

Ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà pé ìbúra Adjetey tọ̀nà: bí ẹni tó di ipò ààrẹ mú kò bá sí ní Ghana, a jẹ́ pé kò lè ṣe iṣẹ́ ipò náà. Adájọ́ Samuel Kofi Date-Bah tẹnu mọ́ ọn pé ohun tí òfin fẹ́ ṣe ló yẹ kí a máa wò nígbà tí a bá ń túmọ̀ rẹ̀, kí a má ṣe dúró lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan. Ohun tí òfin yìí fẹ́ ṣe hàn kedere: kí àga ààrẹ má ṣe ṣófo fún wákàtí kan.

Ọ̀rọ̀ náà tún yọjú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014. Ààrẹ John Mahama àti igbákejì rẹ̀, Kwesi Amissah-Arthur, kò sí nílé. Agbẹnusọ Edward Doe Adjaho kọ̀ láti búra, ó ní òun ti búra lẹ́ẹ̀kan rí. Ní ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ kan náà pinnu pé kò sí ọ̀nà àbùjá: gbogbo ìgbà tí àwọn méjèèjì bá lọ, ni Agbẹnusọ gbọ́dọ̀ búra lákọ̀tun.

Ẹjọ́ méjèèjì yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ àìsí jinlẹ̀ ju ibi tí ara ènìyàn wà lọ. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ni kò sí ní Accra ní ọjọ́ tí Kufuor rìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gba ilé-ẹjọ́ lọ nítorí tiwọn. Ẹni tí wọ́n ń retí níbì kan ni a lè sọ pé kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni a ó máa fi yẹ gbogbo àpẹẹrẹ inú orí yìí wò. Ta ló ń retí ẹni náà? Kí ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń retí nígbà tí kò bá yọjú?

6.2 Nígbà tí olórí kò sí nílé

Ìtàn Ghana fún àwọn tó kọ ìwé òfin ọdún 1992 ní ìdí tó pọ̀ láti ronú lórí àga tó ṣófo. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, ọdún 1966, Kwame Nkrumah kúrò ní Accra, ó ń lọ sí Hanoi lórí ọ̀rọ̀ bí ogun Vietnam yóò ṣe parí. Ní ọjọ́ 24, nígbà tó dé Beijing, àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá ti gba ìjọba lẹ́yìn rẹ̀. Emmanuel Kotoka àti Akwasi Afrifa wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Nkrumah kò tún fi ojú kan Ghana mọ́. Sékou Touré gbà á sí Conakry, ó sì fún un ní oyè ààrẹ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bucharest ló kú sí, ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 1972.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1972 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 13, Ignatius Acheampong gba ìjọba lọ́wọ́ Kofi Abrefa Busia tó jẹ́ olórí ìjọba. London ni Busia wà, ó ń gba ìtọ́jú.

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìrìn-àjò ló bì wọ́n ṣubú. Gbèsè, ọ̀wọ́n ọjà àti ìbínú nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ti wà nílẹ̀ ní ọdún 1966. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, ìjọba Busia já owó cedi wálẹ̀ gan-an, ara sì ni ará ìlú. Ìrìn-àjò kò dá ìṣòro kankan sílẹ̀. Àsìkò ló fún àwọn tó fẹ́ dìtẹ̀. Àwọn tó yẹ kí wọ́n gbọ́ àṣẹ lẹ́nu olórí wọn kò rí i nítòsí, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ilé rédíò láàárọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ fún orílẹ̀-èdè.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba ńlá ti ronú lórí irú àlàfo yìí tipẹ́tipẹ́. Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń fi ṣe adelé. Yóò máa múra bí ọkùnrin, yóò sì máa bójú tó ìlú títí wọn yóò fi yan ọba mìíràn. Ààfin kò ní ṣófo, ẹjọ́ kò sì ní kó jọ. Ètò adelé àti ìbúra Agbẹnusọ ní Accra jọra ní ọ̀nà kan pàtàkì: nínú méjèèjì, gbogbo ìlú ló mọ̀ ṣáájú ẹni tí yóò jókòó.

6.3 Ìṣirò àwọn tó wà àti àwọn tí kò sí

Àwọn àgbà Yorùbá ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, òwe yìí di ọ̀rọ̀ ìṣirò nínú Ilé Aṣòfin Ghana.

Aṣòfin 275 ló wà nínú Ilé náà nígbà náà. Lẹ́yìn ìbò ọdún 2020, ẹgbẹ́ NPP ní 137, ẹgbẹ́ NDC ní 137, ọ̀kan tó kù kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ṣùgbọ́n ó ń bá NPP ṣe. Abala 104 ìwé òfin sọ pé kí ìdìbò tó lè fìdí múlẹ̀, ó kéré tán, ìdajì gbogbo aṣòfin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìdajì 275 jẹ́ 137 àti ààbọ̀. Níwọ̀n bí kò ti sí ààbọ̀ ènìyàn, 138 ni iye tí wọ́n ń wá.

Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ètò ìnáwó ọdún 2022, àwọn aṣòfin NPP dìde, wọ́n jáde. Agbẹnusọ Alban Bagbin béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ àwọn tó kù, wọ́n ní àwọn kò fẹ́, ó sì kéde pé Ilé ti kọ ètò ìnáwó náà. Ní ọjọ́ 30, àwọn NDC ni kò sí níbẹ̀. Joseph Osei-Owusu, igbákejì Agbẹnusọ àkọ́kọ́ tó tún jẹ́ aṣòfin NPP, ló jókòó sórí àga. Ó ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n sì pé 138. Wọ́n fagi lé ìpinnu ọjọ́ 26, wọ́n gba ètò ìnáwó wọlé.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ń ka àìsí ẹnìkejì sí i lọ́rùn. Àwọn NPP ní ènìyàn 137 tó kù ní ọjọ́ 26 kò tó ìdajì Ilé, nítorí náà ohun tí wọ́n ṣe kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn NDC ní ẹni tó jókòó sórí àga Agbẹnusọ kò sí lára àwọn tí wọ́n lè kà mọ́ olùdìbò. Ọ̀rọ̀ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ pinnu pé igbákejì Agbẹnusọ tó ń darí ìjókòó ṣì jẹ́ aṣòfin: wọ́n lè kà á, ó sì lè dìbò.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú èyí. Èkíní ni pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dìde jáde ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó kúrò ní ọjọ́ 26 fẹ́ kí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ bá wọn dá ìpàdé dúró. Èkejì ni pé àwùjọ ní láti pinnu ṣáájú bí àìsí yóò ṣe rinlẹ̀ tó. Abala 97 ìwé òfin kan náà sọ pé aṣòfin tí kò bá wá sí ìjókòó 15 nínú sáà kan, láìgba ìwé àṣẹ Agbẹnusọ, lè pàdánù àga rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Bagbin fi ọ̀rọ̀ aṣòfin mẹ́ta ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ Ilé lórí òfin yìí. Àwọn ará àdúgbò tó dìbò yan aṣòfin ni àìsí rẹ̀ ń jẹ níyà jù, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè gba ọ̀rọ̀ wọn sọ.

6.4 Ara wà, ọkàn lọ

Irú àìsí kejì kò ṣe é kà bí a ṣe ń ka orí aṣòfin. Ẹni náà jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, ó lè di ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó dáhùn.

Nínú ọkọ̀ akérò trotro tó ń ti Madina lọ sí ibùdókọ̀ 37 ní Accra, èrò tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní ẹnubodè Yunifásítì Ghana ní Legon lè rí ẹnubodè náà kí ó sì jókòó jẹ́ẹ́ títí ọkọ̀ yóò fi kọjá. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ó mọ ibẹ̀ dáadáa. Ìdánwò tó fẹ́ lọ ṣe, tàbí owó ilé tí kò tíì san, ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

William James, onímọ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú nǹkan báyìí ní ọdún 1890. Ó mẹ́nu ba àwọn tó wọ yàrá lọ pààrọ̀ aṣọ nítorí oúnjẹ alẹ́, tí wọ́n ń bọ́ aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi bá ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ wọn mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe nínú yàrá náà ní gbogbo alẹ́, ọwọ́ sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, James Reason, mú ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìtàn sísọ. Ó ní kí ènìyàn 35 máa kọ gbogbo àṣìṣe tí wọ́n bá ṣe nítorí àìfọkànsí sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àṣìṣe 433 ni wọ́n kọ. Nígbà tó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1979, ó ti pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Èyí tó pọ̀ jù ni ti àwọn tó gbàgbé ohun tí wọ́n ti ṣe tán tàbí ohun tí wọ́n dìde láti ṣe. Àwọn mìíràn ṣe ohun tó tọ́ sí nǹkan tí kò tọ́. Àwọn mìíràn fo ìgbésẹ̀ kan. Reason rí i pé àṣìṣe wọ̀nyí kì í ṣe wérewère: wọ́n ń wáyé jù nínú iṣẹ́ tí ènìyàn ti mọ̀ ọ́n ṣe dójú àmì. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ń fi gbogbo ọkàn ṣe é. Ọ̀gá tó ti ṣe é fún ogún ọdún ni ọwọ́ rẹ̀ lè máa bá a lọ nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti lọ síbòmíràn.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999, Yo-Yo Ma, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ohun èlò orin cello ta jù lágbàáyé, sọ̀kalẹ̀ nínú takisí ní New York, ó sì gbàgbé cello rẹ̀ sínú búùtù. Domenico Montagnana ló ṣe ohun èlò náà ní ọdún 1733, iye rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ dọ́là. Àwọn ọlọ́pàá rí i ní ọjọ́ náà gan-an. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ohun náà kò jẹ Yo-Yo Ma lọ́kàn. Ó rẹ̀ ẹ́, ohun èlò náà sì wà nínú búùtù níbi tí ojú kò ti lè rí i kí ó rán an létí.

6.5 Ohun tó ń gbé ọkàn lọ

Àwọn onímọ̀ tọ́ka sí ìdí mẹ́ta pàtàkì.

Ìdí kìíní ni pé ohun tí a kò fọkàn sí ní ìbẹ̀rẹ̀ kò wọlé rárá. Daniel Schacter ti Yunifásítì Harvard, tó ka àìfọkànsí mọ́ àìpé méje tí ìrántí ní nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 2001, ṣàlàyé pé ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri kò gbàgbé ibi tó fi í sí. Kò mọ̀ nígbà tó ń fi í síbẹ̀. Daniel Simons àti Christopher Chabris fi irú rẹ̀ hàn ní ọdún 1999. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wo fídíò kan, kí wọ́n ka iye ìgbà tí àwọn kan ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Ẹnìkan tó wọ aṣọ ìnàkí rìn gba àárín wọn kọjá. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń wò kò rí i.

Ìdí kejì kan ohun tí a ní lọ́kàn láti ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ìrántí irú èyí nílò ohun tí yóò ta wá lólobó. Ẹni tí wọ́n ní kí ó jẹ́ iṣẹ́ kan fún Àǹtí rẹ̀ bí ó bá ti rí i ní ọjà Makola yóò rántí nígbà tó bá fojú kàn án. Ẹni tí wọ́n ní kí ó pe ẹnìkan ní agogo mẹ́ta ní láti rán ara rẹ̀ létí, nítorí agogo mẹ́ta kò ní ojú tí a ń rí.

Ìdí kẹta ni pé ọpọlọ kì í sinmi. Ní ọdún 2001, Marcus Raichle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe àwọn apá ọpọlọ kan tó máa ń ṣiṣẹ́ gan-an nígbà tí ènìyàn kò bá dojú kọ iṣẹ́ kankan níta. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń ronú nípa ara rẹ̀, nípa àná àti nípa ọ̀la. Ní ọdún 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert lo fóònù láti máa bi àwọn àgbàlagbà 2,250 léèrè, nígbàkúùgbà, ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń rò. Nínú ìdáhùn wọn, ìdá 46.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọkàn wọn kò ti sí lórí ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Inú wọn kì í sì í dùn tó ìgbà tí ọkàn wọn bá wà níbẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tìtorí èyí ka ìrìn ọkàn sí àrùn. Ọkàn tó ń rìn ni ìyá fi ń ṣètò owó ilé-ìwé ọmọ nígbà tó ń gúnyán, òun náà ni akọrin fi ń rí orin tuntun. Ibi tí ewu wà ni ibi tí ẹlòmíràn ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé wa lọ́wọ́.

Ojú pópó ni ibi tí èyí ti hàn jù. Òfin ìrìnnà Ghana tó jáde ní ọdún 2012, èyí tí wọ́n ń pè ní L.I. 2180, kà á léèwọ̀ kí awakọ̀ máa fi fóònù sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó bá ń wakọ̀. Ìwádìí tí David Strayer àti William Johnston ṣe ní Yunifásítì Utah, tó jáde ní ọdún 2001, sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ju ọwọ́ lọ. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù pàdánù àmì ojú ọ̀nà ní ìlọ́po méjì, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó di fóònù mú àti ẹni tó fi okùn rẹ̀ sétí. Èrò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ń wo ojú ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀, yóò sì pa ẹnu mọ́ bí ìkòríta bá le. Ẹni tó wà lórí fóònù kò rí ìkòríta kankan.

6.6 Àìsí tí ìjọba pa láṣẹ

Irú àìsí kẹta kan ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tààràtà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn oníṣòwò láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ti ń ṣí lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Nígbà tó fi máa di ètò ìkànìyàn ọdún 1960, àwọn Yorùbá tó wà ní Ghana ti lé ní 100,000. Wọ́n ń tajà láti Accra títí dé Tamale. Ní Accra, àdúgbò kan ń jẹ́ Lagos Town; òun ni wọ́n wá ń pè ní Accra New Town.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí sí Ghana, tí wọn kò sì ronú rí pé àwọn nílò ìwé kankan. Wọ́n ta ọjà wọn lọ́pọ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ akẹ́rù gba Togo àti Dahomey wá sílé. Àwọn ọmọ tó gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ wá ń kí bàbá àgbà tí wọn kò rí rí. J. S. Eades, onímọ̀ ìṣẹ̀ṣe ẹ̀dá, kọ ìwé odindi lórí àwọn Yorùbá àríwá Ghana àti ohun tí àṣẹ yìí ṣe fún wọn.

Bí a bá fi ìbéèrè mẹ́ta wa yẹ èyí wò, ìdáhùn rẹ̀ wúwo. Àwọn oníbàárà ń retí wọn ní ìsọ̀, ìsọ̀ sì ti di ti ẹlòmíràn. Àwọn tó yá wọn lówó ń retí wọn. Nílé, ní Ogbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ẹni tí kò sí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, wọ́n di ẹni tí kò sí ní Accra pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní Nàìjíríà pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana ló kó ẹrù wọn sínú àpò onílà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ghana Must Go títí di òní. Ìyà tó jẹ ọmọ Ọ̀fà ní Accra ló jẹ ọmọ Accra ní Èkó. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn àti ti olùkọ́ ni láti máa sọ ìtàn méjèèjì pọ̀, kí ọmọ ìhín lè mọ ohun tí ojú ọmọ ọ̀hún rí.

6.7 Du Bois ní Accra, ìwọ́de ní Washington

W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, kó lọ sí Accra ní ọdún 1961. Nkrumah ló pè é wá láti darí iṣẹ́ ìwé ìmọ̀ ńlá kan nípa Áfíríkà, Encyclopaedia Africana. Ní ọdún 1963, ó di ọmọ orílẹ̀-èdè Ghana. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó kú ní Accra ní ẹni ọdún 95.

Ní ọjọ́ kejì, nǹkan bí 250,000 ènìyàn péjọ sí Washington fún ìwọ́de ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Roy Wilkins, tó ń darí NAACP, kéde ikú rẹ̀ fún wọn láti orí pèpéle. Du Bois wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1909, ó sì ti ń pè fún ohun tí wọ́n wá béèrè lọ́jọ́ náà kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó dáyé. Ní Accra, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ń gbébẹ̀, tí Maya Angelou àti Julian Mayfield wà lára wọn, ṣe ìwọ́de tiwọn ní iwájú iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà. Wọn kò lè dé Washington, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí wọ́n ka àwọn mọ́ ẹni tí kò sí.

Ilé tí Du Bois gbé ní Cantonments di ibi ìrántí fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1985. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí ẹni tó ti lọ ṣe lè máa kó ènìyàn jọ, kí ó lọ síbẹ̀.

6.8 Ètò tí ń dí àlàfo

Ìbáwí nìkan kò wo àìfọkànsí sàn. Ẹni tí wọ́n bú nítorí pé ó gbàgbé yóò tún gbàgbé, nítorí kò mọ ìgbà tí ọkàn rẹ̀ lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ètò tí kò gbára lé ìrántí ẹnìkan ṣoṣo.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwé kékeré kan tí ó ní kókó 19 fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní láti dárúkọ aláìsàn sókè, kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n sì ka abẹ́rẹ́ àti òwú kí aláìsàn tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé ikú lọ sílẹ̀ láti ìdá 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tuntun. Wọ́n kàn gbà pé dókítà tó mọṣẹ́ jù lè gbàgbé.

Ní Accra, mate, ìyẹn ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ nínú trotro, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láìsí ìwé kankan lọ́wọ́. Ó ń pe orúkọ ibùdókọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, èrò tí ọkàn rẹ̀ ti lọ yóò sì gbọ́ orúkọ ibi tó ń lọ létí. Adelé ní Àkúrẹ́, ìbúra Agbẹnusọ, iye 138 nínú Ilé Aṣòfin, kókó 19 nínú yàrá iṣẹ́ abẹ: gbogbo wọn gbà pé ènìyàn yóò ṣàìsí lọ́jọ́ kan, wọ́n sì ti pèsè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibi tí irú ètò yìí kò sí, bíi ti ọdún 1969 àti 1983, àwọn tí kò lágbára ni wọ́n ru ẹrù rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Fi ìbéèrè mẹ́ta tó wà ní ìpín 6.1 ṣàyẹ̀wò aṣòfin tí kò wá sí ìjókòó àti awakọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kí ló pa wọ́n pọ̀? Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

2. Ṣàlàyé ìdí tí 137 kò fi tó ìdajì Ilé tó ní aṣòfin 275. Ìwọ ìbá jẹ́ adájọ́, ṣé ìwọ yóò ka ẹni tó jókòó sórí àga Agbẹnusọ mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀? Sọ ìdí rẹ̀.

3. Fún ọ̀sẹ̀ kan, kọ gbogbo ohun tí o bá gbàgbé tàbí tí o ṣì ṣe sínú ìwé, bí àwọn ènìyàn James Reason ti ṣe. Pín wọn sí ọ̀wọ́, kí o sì kọ ohun tí o ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀.

4. Wá àgbàlagbà kan ní àdúgbò rẹ tó gbé ní Ghana kí ọdún 1969 tó parí, tàbí tí òbí rẹ̀ gbé níbẹ̀. Béèrè ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹni tó bá wọn tọ́jú rẹ̀, àti bóyá wọ́n padà lọ. Kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí o sì kà á fún un kí o tó mú un wá sí kíláàsì.

5. Pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, ẹ ṣe ìwé kékeré kan tí kò ju kókó mẹ́wàá lọ fún iṣẹ́ kan tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé apá kan nínú rẹ̀ nílé-ìwé yín. Ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì ròyìn ohun tó yí padà àti kókó tí ẹ ó yọ kúrò.